Òpópónà Bí Òkun: Ìtàn Àwọn Olùyọ̀ǹda Adóòlà Ẹ̀mí ní Agbègbè Mowe, Ibafo àti Ifọ̀

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìtàn àwọn olùyọ̀ǹda tí ń dóòlà ẹ̀mí àwọn tó fara káásá ìjàǹbá ọkọ̀, pàápàá bí ìtàn náà ṣe kan agbègbè Mowe, Ibafo àti Ifọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìtàn àwọn ibùdó ọkọ̀ ojú omi adóòlà tó wà ní etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni iṣẹ́ náà fi ṣe òṣùwọ̀n. Ó tọpasẹ̀ ìrànlọ́wọ́ láàárín àwọn Yorùbá láti ayé àáró àti ọ̀wẹ̀, ó dé orí dídá Ẹgbẹ́ Red Cross sílẹ̀, ó sì parí rẹ̀ sí orí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó àti àwọn òfin tó tẹ̀ lé e. Èrò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú rẹ̀ ni pé ojú àánú kò fìgbà kan wọ́n ní àwùjọ yìí. Ohun tó wọ́n ni ibùdó, irinṣẹ́ àti òfin tí yóò gbé àánú náà ró.

Ìfáárà

Àdúrà tí àwọn àgbà Yorùbá máa ń ṣe fún ẹni tó ń lọ sí ìrìnàjò ni pé kí ó má rìn ní ọjọ́ tí ebi bá ń pa ọ̀nà. Nínú àdúrà yìí, ọ̀nà kì í ṣe ilẹ̀ lásán. Ó ní ẹnu, ó ní ikùn, ó sì lè gbé ènìyàn mì. Irú ojú yìí gan-an ni àwọn tó ń gbé létí òkun fi ń wo omi. Òkun tó ń fún wọn ní ẹja jẹ náà ni ó ń gbé ọmọ wọn lọ.

Kò sí òkun ní Mowe, kò sí ní Ibafo, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ní Ifọ̀. Odò Ògùn tó ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ agbègbè náà kọjá lọ sínú ọ̀sà Èkó ni omi ńlá tó sún mọ́ wọn jù. Síbẹ̀, agbègbè náà ní òkun tirẹ̀, òpópónà sì ni òkun náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ni ó ń gba ibẹ̀ kọjá lójoojúmọ́. Òpópónà náà ló sọ abúlé di ìlú, òun náà ló sì ń sọ ìyàwó di opó. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, àwọn tó wà létí ọ̀nà ni wọ́n ń kọ́kọ́ dé ibẹ̀, gẹ́gẹ́ bí apẹja ṣe ń kọ́kọ́ dé ibi tí ọkọ̀ ti ń rì. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn kò ju méjì lọ. Ta ni ó ń yọ ẹni tí kò ní ẹbí nítòsí nínú ewu? Kí ni ó sì yẹ kí ó wà lẹ́yìn irú adóòlà bẹ́ẹ̀ kí iṣẹ́ náà má baà sú u?

Ibùdó Ọkọ̀ Adóòlà ní Etíkun

Ní ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹta, ọdún 1824, àwọn ènìyàn kan pàdé ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù láti dá ẹgbẹ́ tí yóò máa dóòlà àwọn tí ọkọ̀ wọn bá rì sílẹ̀. William Hillary ni ó ṣe agbátẹrù èrò náà. Erékùṣù Man ni ó ń gbé, ó sì ti fi ojú ara rẹ̀ rí bí ìjì ṣe ń fọ́ ọkọ̀ mọ́ àpáta ní èbúté Douglas. Ní ọdún 1854 ni ẹgbẹ́ náà gba orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di òní, èyí tí í ṣe Royal National Lifeboat Institution.

Ọ̀nà tí ẹgbẹ́ yìí ń gbà ṣiṣẹ́ ni ó ṣe pàtàkì jù fún iṣẹ́ yìí. Àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wa ọkọ̀ adóòlà kì í gba owó oṣù. Apẹja, alápatà, olùkọ́ àti oníṣòwò ni wọ́n. Bí ìpè bá dún, wọn a fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀, wọn a sáré lọ sí ibùdó. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fiyè sí. Ọwọ́ òfo kọ́ ni àwọn olùyọ̀ǹda wọ̀nyí fi ń bọ́ sínú omi. Ilé tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ wà, ọkọ̀ tí ó dára wà níbẹ̀, ẹ̀kọ́ wà, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì sì wà. Owó ìtọrẹ àwọn ará ìlú ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n fi ń ra gbogbo rẹ̀.

Iṣẹ́ náà kò ṣàìmú ẹ̀mí lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ 19, oṣù Kejìlá, ọdún 1981, ọkọ̀ adóòlà Solomon Browne jáde láti ibùdó Penlee ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lọ ran ọkọ̀ Union Star lọ́wọ́. Ọkùnrin mẹ́jọ láti abúlé Mousehole ni ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ti fa ènìyàn mẹ́rin yọ kí ìgbì òkun tó bò wọ́n. Gbogbo àwọn tó wà nínú ọkọ̀ méjèèjì ni ó ṣègbé, ènìyàn mẹ́rìndínlógún sì ni wọ́n. Kò pé ọjọ́ kan lẹ́yìn náà tí àwọn ará abúlé kan náà fi yọ̀ǹda ara wọn láti rọ́pò àwọn tó lọ. Kì í ṣe ìgboyà nìkan ni ó mú èyí ṣeé ṣe. Ibùdó ṣì wà, ìlú sì dúró ti àwọn opó àti ọmọ òrukàn.

Agbègbè Náà àti Àwọn Ọ̀nà Rẹ̀

Ojú irin ni ó kọ́kọ́ sọ Ifọ̀ di oríta. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, Ifọ̀ wà lára àwọn ìlú tí ó gbà kọjá. Láti Ifọ̀ náà ni ẹ̀ka ojú irin ti yà lọ sí Ìlaròó àti Ìdọ́gọ̀. Lẹ́yìn èyí ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti ọkọ̀ akẹ́rù gba ipò iwájú. Ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta gba Ọ̀tà àti Ifọ̀ kọjá lọ sí Ewékorò, níbi tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì wà. Ọkọ̀ èrò, ọkọ̀ àjàgbé àti ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ǹtì jọ ń du ojú ọ̀nà kan náà.

Ìtàn Mowe àti Ibafo yàtọ̀ sí èyí. Abúlé ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni wọ́n jẹ́ tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ oko ni àwọn ará ibẹ̀ sì ń ṣe. Wọ́n wà lábẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Òwódé. Ọdún 1978, ní àkókò ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ni wọ́n ṣí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 127.6, ó sì la àárín ilẹ̀ oko wọ̀nyí kọjá. Láti ọdún 1983 ni Ìjọ Redeemed ti ní ilẹ̀ ibùdó ìpàdé rẹ̀ létí òpópónà náà nítòsí Mowe. Bí ilé ṣe ń wọ́n ní Èkó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń wá ilẹ̀ rà sí Ibafo, Mowe àti àyíká wọn. Láàárín ìran kan péré, oko ẹ̀gẹ́ di àdúgbò, òpópónà tí wọ́n là fún àwọn tó ń rìnrìn-àjò jíjìn sì di ojú ọ̀nà tí ọmọ ilé-ìwé ń sọdá.

Ibí yìí ni ewu náà ti gbilẹ̀. Ọkọ̀ tó ń sáré bọ̀ láti Ìbàdàn ń bá ìyá tó gbé igbá lérí pàdé lójú kan náà. Ọkọ̀ agbépo ń bá bọ́ọ̀sì akérò rìn. Ní ọdún 2013 ni àtúnṣe ńlá bẹ̀rẹ̀ lórí òpópónà náà. Ilé-iṣẹ́ Julius Berger ni ó gba apá tó wà láàárín Èkó àti Ṣágámù, èyí tí Ibafo àti Mowe wà nínú rẹ̀. Àtúnṣe náà mú kí ojú ọ̀nà dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó dán máa ń tan awakọ̀ láti sáré ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìrànlọ́wọ́ Ṣáájú Ìgbà Ọkọ̀

Ìrànlọ́wọ́ kì í ṣe ohun àjèjì sí Yorùbá. Nínú àáró, àwọn àgbẹ̀ ń bá ara wọn roko ní ìtòlé-ìtòlé. Nínú ọ̀wẹ̀, àna, ọ̀rẹ́ àti ìbátan ń péjọ láti bá ẹnì kan kọ́ ilé tàbí kórè oko. Bí iná bá jó, bí ọmọ bá já sí kànga, ariwo kan ṣoṣo ti tó, ẹgbẹ́ àti ọ̀gbà á ti dé. Àwọn arìnrìn-àjò àti oníṣòwò náà kì í dá rìn. Wọn a kó ara wọn jọ, nítorí àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Bí ètò wọ̀nyí ti dára tó, orí ìmọ̀ra-ẹni ni wọ́n dúró lé. Ẹni tó bá ọ roko lónìí mọ̀ pé o ó bá òun roko lọ́la. Ẹni tó sáré dé ibi iná mọ bàbá onílé, ó sì mọ oríkì rẹ̀. Òpópónà ti tú ìdè yìí. Bọ́ọ̀sì tó dojú dé ní Mowe lè gbé ará Kánò, ará Oníṣà, ará Ìbàdàn àti ará Kútọnu papọ̀. Kò sí ẹni tó mọ orúkọ wọn níbẹ̀, wọn kò sì ní padà wá san àáró. Ohun tí ìgbà tuntun ń béèrè nígbà náà ni àáró fún àlejò, èyí tí kò retí ẹ̀san. Irú àáró yìí ni iṣẹ́ olùyọ̀ǹda.

Láti Ọdún 1917 sí 1983

Ní ọdún 1917, lásìkò Ogun Àgbáyé Kìíní, ni Ẹgbẹ́ Red Cross ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1960, òfin sọ ọ́ di ẹgbẹ́ tí Nàìjíríà dá dúró fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ yìí ni ó mú kí ìtọ́jú àkọ́kọ́ di ẹ̀kọ́ tí ọ̀dọ́ lè kọ́ láìjẹ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Ó kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, bí wọ́n ṣe ń di egungun tó ṣẹ́, àti bí wọ́n ṣe ń gbé aláìsàn.

Ti ojú pópó gan-an pẹ́ kí ó tó ní ètò. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ó la ọ̀nà náà. Ìjàǹbá orí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀. Wọlé Ṣóyínká, ọmọ Abẹ́òkúta tó ti kọ eré onítàn kan tó dá lórí ọ̀nà àti àwọn awakọ̀ ní ọdún 1965, wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ náà dùn jù. Ní ọdún 1977, ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, Ṣóyínká sì kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀. Àwọn olùyọ̀ǹda wà nínú ẹgbẹ́ náà, ìyípadà sì hàn nínú ìwà awakọ̀ ní ìpínlẹ̀ yẹn.

Ọdún 1983 ni ìjọba àpapọ̀ tú ẹgbẹ́ náà ká. Ẹ̀kọ́ kan wà nínú èyí. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ náà kò tíì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìjàǹbá kò dẹ́kun. Àṣẹ ìjọba tó gbé ẹgbẹ́ náà dìde ni ó yí padà, ilé tí a kọ́ sórí òpó kan sì wó nígbà tí òpó náà yẹ̀. Fún ọdún márùn-ún tó tẹ̀ lé e, kò sí ẹ̀ṣọ́ irú rẹ̀ lójú pópó.

Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó àti Àwọn Olùyọ̀ǹda Rẹ̀

Ní oṣù Kejì, ọdún 1988, ìjọba ológun Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé Òfin 45 jáde, ó sì dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Ṣóyínká ni ó kọ́kọ́ jẹ́ alága ìgbìmọ̀ rẹ̀, Olú Agúnlóyè sì ni ó kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀gá àgbà rẹ̀. Ní ọdún 2007, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin tuntun tó rọ́pò ti ológun. Ìpínlẹ̀ Ògùn àti Ìpínlẹ̀ Èkó ni wọ́n jọ wà ní ẹkùn kan náà lábẹ́ àjọ náà. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn náà dá ẹgbẹ́ TRACE sílẹ̀ lásìkò Gómìnà Gbenga Daniel, ẹni tó ṣèjọba láti ọdún 2003 sí 2011. Àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ méjèèjì ni wọ́n ń jọ ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà Mowe àti Ibafo.

Ohun tó jọ ibùdó etíkun jù nínú ètò yìí ni àwọn olùyọ̀ǹda tí òfin pè ní Special Marshal. Wọn kì í gba owó oṣù. Olùkọ́, agbẹjọ́rò, oníṣòwò, òṣìṣẹ́ báńkì àti òṣìṣẹ́ ìjọba wà lára wọn. Wọ́n ní iṣẹ́ tí wọ́n fi ń jẹun, ṣùgbọ́n wọ́n ti jẹ́jẹ̀ẹ́ láti yọ àkókò sílẹ̀ fún ojú pópó. Wọ́n ń la àwọn awakọ̀ lọ́yẹ̀, wọ́n ń bá àwọn ẹ̀ṣọ́ jáde, wọ́n sì ń dá sí i bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀ níṣojú wọn. Ìdí tí iṣẹ́ yìí fi ṣe kókó kò fara sin. Ìròyìn tí àjọ náà gbé jáde fi hàn pé ní ọdún 2024, ènìyàn 5,421 ni ó kú nínú ìjàǹbá 9,570 jákèjádò Nàìjíríà.

Iṣẹ́ Adóòlà Lójú Pópó

Àwọn tó ń kọ́kọ́ dé ibi ìjàǹbá kì í sábà jẹ́ ẹ̀ṣọ́ rárá. Mẹkáníìkì, ọlọ́kadà, ìyá tó ń ta búrẹ́dì àti awakọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ni wọ́n. Àánú ni ó gbé wọn dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n àánú tí kò ní ìmọ̀ lè ṣe ìpalára. Bí ẹni tí ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́ bá wà nínú ọkọ̀, tí wọ́n sì fi ipá wọ́ ọ jáde, ó lè yarọ títí ayé. Bí wọ́n bá rọ omi sí ẹnu ẹni tó ti dákú, omi náà lè gba ọ̀nà èémí lọ.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ adóòlà ní ìlànà. Kí wọ́n kọ́kọ́ gbé àmì ìkìlọ̀ sí ọ̀nà jíjìn, kí ọkọ̀ mìíràn má baà wá kọlu àwọn tó ń ṣèrànwọ́. Kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó dojú dé. Kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń dà. Kí wọ́n yí ẹni tó dákú ṣùgbọ́n tó ń mí sí ẹ̀gbẹ́ kan bí kò bá sí àmì pé ọrùn tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ fara pa. Kí wọ́n sì pe nọ́ḿbà 122 tí í ṣe ti Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó, tàbí 112 tí í ṣe ti pàjáwìrì gbogboogbò.

Ti ọkọ̀ agbépo tún le ju èyí lọ. Ní ọjọ́ 28, oṣù Kẹfà, ọdún 2018, ọkọ̀ agbépo kan gbiná lórí Afárá Ọ̀tẹ́dọlá, ní ìpẹ̀kun òpópónà náà ní ìhà Èkó. Ènìyàn mẹ́sàn-án kú, ọkọ̀ 54 sì jóná. Ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2024, ó lé ní 150 ènìyàn tó kú ní Majiya ní Ìpínlẹ̀ Jigawa, nígbà tí iná sọ bí wọ́n ti ń gbọ́n epo tó dà sílẹ̀. Níbi irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ adóòlà kì í ṣe láti fa ènìyàn yọ nìkan. Láti lé èrò sẹ́yìn ni iṣẹ́ tó le jù, nítorí àwọn tí ó ń gbà là kò mọ̀ pé àwọn wà nínú ewu, wọ́n sì lè bú u.

Pé ẹ̀kọ́ yìí ṣeé kọ́ kì í ṣe àlá. Ní orílẹ̀-èdè Gánà, àwọn onímọ̀ ìṣègùn kọ́ awakọ̀ èrò 335 ní ìtọ́jú àkọ́kọ́. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2002, ó lé ní ìdajì àwọn awakọ̀ tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà tó ti lo ẹ̀kọ́ yìí fún ẹni tó fara pa. Awakọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń dá lẹ́bi wá di adóòlà.

Òfin àti Ìbẹ̀rù

Ìbẹ̀rù ni ó máa ń dá ọwọ́ aláàánú dúró. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé wọn yóò sọ pé àwọn ni wọ́n kọlu ẹni náà. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé ilé ìwòsàn yóò béèrè owó ìtọ́jú lọ́wọ́ àwọn, tàbí pé yóò ní kí àwọn lọ gba ìwé wá lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ní báyìí tí wọ́n bá ń fa ọ̀rọ̀, ẹ̀jẹ̀ ń dà.

Òfin ti dìde sí èyí. Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kò gbọdọ̀ kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá kọ̀ lè san ìtanràn ₦100,000, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Òfin kan náà ya ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó ìpèsè ìlera kan sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú pàjáwìrì. Ní ọdún 2017, òfin mìíràn pàṣẹ pé kí wọ́n tọ́jú ẹni tí ìbọn bá láìdúró de ìwé ọlọ́pàá. Àmọ́ òfin tí ìyá oníbúrẹ́dì ní Ibafo kò gbọ́ nípa rẹ̀ kò lè lé ẹ̀rù rẹ̀ lọ. Títúmọ̀ àwọn òfin wọ̀nyí sí Yorùbá, kíkà wọ́n ní gáréèjì, ní ọjà àti ní ilé ìjọsìn, wà lára iṣẹ́ ìdóòlà.

Àgbálọgbábọ̀

Ìtàn tí iṣẹ́ yìí tọ́ka sí fi hàn pé àwọn ènìyàn tó ń jáde síta láti gba àlejò là kò ṣọ̀wọ́n, yálà ní Mousehole tàbí ní Mowe. Ibi tí ọ̀nà ti yà ni ohun tó dúró lẹ́yìn wọn. Ibùdó etíkun ń tẹ̀ síwájú fún igba ọdún nítorí pé ó ní ilé, irinṣẹ́, owó ará ìlú àti ìtọ́jú fún ẹbí ẹni tó bá ṣòfò. Ẹgbẹ́ ti Ọ̀yọ́ parẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́fà nítorí pé ọwọ́ ìjọba nìkan ni ó rọ̀ mọ́.

Ohun tó kù fún àwọn ìlú tó wà létí òpópónà ni kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà di tiwọn. Yàrá kan létí ọ̀nà, àga ìgbáláìsàn méjì, àpótí oògùn, fìtílà, àmì ìkìlọ̀, àti orúkọ àwọn tí wọ́n ti kọ́ ní ìtọ́jú àkọ́kọ́: èyí kò kọjá agbára ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, ẹgbẹ́ awakọ̀, ìjọ àti mọ́sálásí tí wọ́n bá pawọ́ pọ̀. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣe àáró kò dúró de ọba kí wọ́n tó ran aládùúgbò wọn lọ́wọ́. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó dojú dé lóru kò lè dúró de ìjọba pẹ̀lú. Ọwọ́ tó sún mọ́ ọn jù ni ó ń wò, ó sì yẹ kí ọwọ́ náà mọ ohun tí yóò ṣe.